Oṣù mẹ́ta tí ẹ fi ń pa oyún mọ́ ni ọmọ fi ń di ènìyàn: àwọn àṣìṣe nípa oyún tó wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Okun

Ní ilé ìtọ́jú tí mo ti ń gbẹ̀bí ní apá Yàgbà, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, obìnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ikùn rẹ̀ ti yọ dáadáa. Mo bi í pé ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ìyá, ìgbà tí a ń ṣa kajú ni.” Mo ní kajú ìbẹ̀rẹ̀ ni àbí èyí tó kù díẹ̀ kó tán? Ó ní ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ta àpò àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó o ni, ọjọ́ kejì rẹ̀ lòun rí i. A jọ wá ọjọ́ náà títí a fi dé ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Oyún náà ti pé oṣù márùn-ún, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tètè wá. Ó dáhùn láìdijú pé, “Ẹ̀jẹ̀ lásán ṣì ni nígbà yẹn, kò tíì di ọmọ.”

Gbólóhùn yẹn ni mo ń bá jà láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láti Kábà dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹnu àwọn tó kàwé àti àwọn tí kò kàwé ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ má sọ pé ẹ̀jẹ̀ lásán ni

Mo mọ ìdí tí a fi ń pa oyún mọ́. Oyún lè wálẹ̀ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, aráyé sì ṣòro. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí a ṣe ń pa á mọ́ fún aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ náà la ń pa á mọ́ fún nọ́ọ̀sì, àsìkò yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ pọ̀ jù nínú ilé ọmọ.

Ẹ wo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Awẹ́ pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Awẹ́ yìí á máa ká ara rẹ̀ jọ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ká ewé tó fẹ́ bu ọ̀ọ̀lẹ̀ sí, títí etí méjèèjì á fi lẹ̀ mọ́ra. Láàárín ọjọ́ 28 tí àtọ̀ ti pàdé ẹyin, ó yẹ kó ti lẹ̀ tán lókè àti nísàlẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ kò bá lẹ̀, wọ́n á bí ọmọ náà pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀. Bí òkè ni kò bá lẹ̀, ọmọ náà kì í yè. Fólíkì, oògùn kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, máa ń dín ewu yìí kù gidigidi bí ìyá bá ń lo míkírógíráàmù 400 lójoojúmọ́. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ní ọjọ́ 28 yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni nǹkan oṣù tíì fi pẹ́. Obìnrin mìíràn kò tíì fura rárá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń retí oyún ti máa lo fólíkì kí oyún tó dé, kó sì máa lò ó títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12.

Ọkàn ọmọ náà kò dúró de ẹnì kan. Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 lẹ́yìn tí àtọ̀ pàdé ẹyin ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Nígbà tí ẹ bá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti ọjọ́ nǹkan oṣù, ọmọ náà kò ju èso ẹ̀wà kan lọ, síbẹ̀ apá àti ẹsẹ̀ ti ń yọ. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 12, kò sí ẹ̀yà ara pàtàkì tí kò tíì ní ìpìlẹ̀. Oṣù mẹ́fà tó kù, títóbi àti gbígbó ló kù fún un. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 12 yẹn kò gbọdọ̀ kọjá kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Iṣẹ́ wa ni láti pa àṣírí mọ́.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n kà á

Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá ọkọ yín sùn la fi ń ka oyún, kì í sì í ṣe oṣù tí ẹ wò tí ẹ kò rí nǹkan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ẹ rí kẹ́yìn la fi ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 280 la sì ń kà. Ẹ fi oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ méje kún un. Oníkajú mi, ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ló bọ́ sí. Ẹ kọ ọjọ́ yín sára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, kí á má baà máa wá a nínú igbó kajú.

Ibi ọmọ kì í ṣe asẹ́ ògì

Àwọn kan rò pé ibi ọmọ ń sẹ́ nǹkan burúkú dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògógóró tí ìyá bu mu nínú àgbo máa ń dé ara ọmọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì gbó tó láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè sọ pé kò léwu fún ọpọlọ rẹ̀. Àgbo tí kò ní ọtí nínú náà ń kó mi lọ́kàn sókè, nítorí kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ìgò kan, ewé mìíràn sì ń mú ilé ọmọ sún kì. Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìyẹn tetracycline, máa ń wọ inú egungun àti eyín ọmọ tí kò tíì hù, á sì pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ ta oògùn fún yín pé ẹ lóyún, kódà bí ikùn kò bá tíì yọ.

Ibà tún ń bẹ, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un ní agbègbè wa. Kòkòrò ibà lè sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, kí ara ìyá má gbóná rárá, kó sì máa dí ọ̀nà oúnjẹ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń kéré tí wọ́n bá bí i. Oògùn ìdènà ibà oníhóró mẹ́ta tí a máa ń ní kí ẹ gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà níwájú wa, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 13, oṣù kan ó kéré tán láàárín ọ̀kan sí èkejì, ó sì yẹ kó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má mú un lọ sílé kí ẹ lọ jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti bá a níbẹ̀ rí.

Ẹyin àti ìgbín

Mo jókòó nílé kan ní Ìjùmú, wọ́n gbé iyán wá. Ìyá ọkọ na ọwọ́, ó rọra mú ẹyin kúrò nínú àwo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó lóyún oṣù méje, ó fi sínú tirẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ni: wọ́n ti sọ fún un pé aláboyún tó bá ń jẹ ẹyin á bí olè, èyí tó bá jẹ ìgbín á bí ọmọ tí itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ gbọ́ tèmi.” Mo sọ fún un pé ọmọ inú yẹn kò ju kílò kan lọ lọ́wọ́ báyìí, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ 40, a ń retí kílò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni kílò méjì tó kù á ti wá bí kò bá ti inú àwo yìí? Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó dá ẹyin padà. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ni ọmọ ń kó ọ̀rá sára, tó ń kó irin ẹ̀jẹ̀ pamọ́ de oṣù tí yóò máa mu ọyàn nìkan, tí ọpọlọ rẹ̀ sì ń dàgbà kíákíá. Ẹni tó ń dín oúnjẹ kù nígbà yẹn kí ọmọ má baà tóbi jù, ó ń fi ebi pa á níbi tó ti ń kọ́lé ni.

Ní ti akọ àbí abo, láti ọjọ́ tí àtọ̀ ti pàdé ẹyin ló ti parí, àtọ̀ bàbá ló sì pinnu rẹ̀. Ẹ má bá ìyàwó jà.

“Ọmọ oṣù méje ń yè, ti oṣù mẹ́jọ kì í yè”

Irọ́ ni, ó sì ti jẹ́ kí àwọn kan jọ̀wọ́ ọmọ tí à bá gbà là. Inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò tíì gbó máa ń lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rá náílọ̀nù tuntun. Láti bí ọ̀sẹ̀ 24 ni ara rẹ̀ ti ń ṣe omi kan tó ń jẹ́ kó lè ṣí, omi náà kì í sì í tó títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 35. Nítorí náà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lò sí i nínú ń ràn án lọ́wọ́. Ọmọ oṣù mẹ́jọ lágbára ju ti oṣù méje lọ. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹ gbé e sáàárín ọmú ìyá, awọ ara mọ́ awọ ara, kí ẹ sì máa sáré lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn tó ń fọwọ́ tẹ ikùn kí ọmọ lè yí padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Ibi ọmọ lè já kúrò lára ilé ọmọ lábẹ́ ọwọ́ yín.

Ẹ má dúró de ọmọ tí kò mira

Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 ni ìyá sábà máa ń mọ̀ pé ọlẹ̀ ti sọ, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ fún ẹni tó ń lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Òmíràn ń ta lálẹ́, òmíràn ń ta bí ìyá bá ti jẹun tán. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà ni pé ọmọ ń sinmi nítorí pé ó ń múra àtijáde. Bó ṣe ń mira tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó máa mira títí di ọjọ́ ìrọbí.

Aboyún kan wá bá mi ní òwúrọ̀ kan. Ọjọ́ méjì ni kò fi gbọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ti ní kó fọkàn balẹ̀, pé ó ń kó agbára jọ. Mo gbé fèrè onígi tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn rẹ̀. Mo gbé e sí ọ̀tún. Mo gbé e sí òsì. Mo sọ̀ ọ́ sísàlẹ̀, mo tún padà sí ọ̀tún. Ó ń wo ojú mi.

Bí ọmọ bá dẹwọ́ mímira, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ lọ, kódà bó jẹ́ òru. Ẹ gun ọ̀kadà bí kò bá sí mọ́tò. Bákan náà ni bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí orí bá ń fọ́ yín gan-an tí ojú ń ṣe bàìbàì, tàbí bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí oníkajú mi bí ọmọ rẹ̀, ó tún dé. Òdòdó kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí n má pe orúkọ òun sókè o, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni, ìyá ọkọ òun gan-an kò tíì mọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó fi fólíkì tó ti ń lò láti oṣù méjì hàn mí.