Àṣìṣe tó ń ba omi ẹ̀rọ jẹ́ kó tó dé ẹnu wa

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ilé iṣẹ́ omi Ìjù ti ń bá Èkó pèsè omi ẹ̀rọ. Wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sómi odò kí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lè dì mọ́ra kó sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn, wọ́n á wá fi kiloríìnì pa kòkòrò tó kù. Síbẹ̀, omi tó kúrò ní irú ibẹ̀ ní mímọ́ lóló lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà, àwa tí à ń lò ó sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni síso pọ́ńpù tó ń fa omi mọ́ páìpù ìjọba tààrà. Omi ò lágbára, onílé pe púlọ́ńbà, táǹkì kún, inú ẹ̀ dùn. Aládùúgbò náà ṣe tiẹ̀. Ohun tí wọn ò rò ni pé agbára omi inú páìpù ló ń lé ìdọ̀tí sẹ́yìn. Bí páìpù bá lu tí omi sì kún inú rẹ̀ dáadáa, omi á máa tú síta ni. Tí pọ́ńpù bá ti fà á gbẹ, ojú ihò yẹn náà ni omi gọ́tà ń gbà wọlé. Ẹ sì wo àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú gọ́tà lọ sí ojúlé-ojúlé, tí wọ́n fi rọ́bà àti ọ̀rá wé ojú ibi tó ti bẹ́! Ẹ jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ ṣàn sínú táǹkì ilẹ̀, kí pọ́ńpù wá gbé e láti ibẹ̀ lọ sókè. Kí púlọ́ńbà sì gbé páìpù yín gba òkè gọ́tà.

Nítorí náà, bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ má tètè gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ fọ ilẹ̀. Ẹ se èyí tí ẹ máa mu.

Àwọn kan á ní àwọn ti fi álọ́ọ̀mù sí i, ó ti tán. Kò tíì tán o. Álọ́ọ̀mù ń mú kí omi tòrò ni. Kòkòrò onígbáméjì àti ti taifọ́ọ̀dù ṣì lè wà nínú omi tó dán bíi dígí.

Òórùn kiloríìnì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń torí ẹ̀ sá fún omi ẹ̀rọ lọ ra ti mẹ́rúwà, tí wọn ò mọ orísun rẹ̀. Èmi kì í bẹ̀rù òórùn yẹn tí kò bá pọ̀ lápọ̀jù. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé ó kéré tán, mílígíráàmù 0.2 kiloríìnì ṣì gbọ́dọ̀ kù nínú lítà omi kan nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí òun ló ń ṣọ́ omi náà lójú ọ̀nà. Bí ó bá ń dà yín láàmú, ẹ bu omi sínú abọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kiloríìnì sómi kànga fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi í sómi ẹlẹ́rẹ̀, torí ẹrẹ̀ á jẹ agbára rẹ̀ tán. Kó jẹ́ kó tòrò ná, kó wá fi kiloríìnì sí i, kó sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mu ún. Bílíìṣì olóòórùn dídùn kì í ṣe ti omi mímu.

Ẹ bo táǹkì, ẹ máa fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ páìpù létí títì láti pọnmi, ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ ni gbogbo àdúgbò á máa mu ìdọ̀tí rẹ̀.