Bí Ọ̀fun Bá Ń Dùn Yín Lẹ́yìn Ìbálòpọ̀ Àfẹnuṣe: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Wa ní Abuja àti Òkè Ọya

Ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lè là á lójú ẹnìkejì. Ẹnìkan fi ẹnu kan ojú ara olólùfẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀fun ti ń dùn ún. Oorun dá lójú rẹ̀. Ó tan iná fóònù wo ọ̀fun nínú dígí, ó rí i pé ó pọ́n, ọkàn rẹ̀ fò lọ sórí éèdì. Nyanya o, Kubwa o, Gwagwalada o, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ farabalẹ̀ ka èyí kí ẹ tó gbé oògùn kankan mì.

Ọ̀fun kì í fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é

Ohun tó ń fa ọ̀fìnkìn ló sábà máa ń fa ọ̀fun dídùn. Bí ikọ́ bá bá a rìn, tí imú sì ń ṣomi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ni, yóò sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òkè Ọya níbí, ọyẹ́ àti eruku rẹ̀ ń gbẹ ọ̀fun. Èéfín igi ìdáná ń ta á. Àgbẹ̀ tó fọ́n oògùn apakoríko láì bo imú àti ẹnu, ọ̀fun rẹ̀ lè dùn ún títí di ọjọ́ kejì. Kò sí ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ kankan níbẹ̀.

Síbẹ̀, àtọ̀sí lè wọ ọ̀fun láti ojú ara. Ibi tó ti ń tan ènìyàn jẹ nìyí: ọ̀pọ̀ ẹni tí àtọ̀sí wà lọ́fun rẹ̀ kò ní ìrora kankan. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀fun ń dùn lè má ní in, ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀ sì lè máa gbé e kiri. Sífílíìsì, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, ní tirẹ̀ lè yọ egbò kan ṣoṣo sí ètè tàbí ahọ́n, egbò tí kì í dunni, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ó sì lè pẹ́ tó 90 ọjọ́. Hápíìsì, òun náà àrùn ìbálòpọ̀, a máa yọ bí ìléròrò kéékèèké tó ń ta, láàárín ọjọ́ 2 sí 12.

Ti HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, ńkọ́? Ewu rẹ̀ nípasẹ̀ ẹnu kéré gan-an. Àìsàn tó máa ń kọ́kọ́ mú wá sì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó fara hàn, nítorí náà ẹ má ka ọ̀fun tó dùn yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí egbò bá wà lẹ́nu yín, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí àtọ̀ sì kàn án, ẹ tètè lọ sí ọsibítù. Oògùn ìdènà kan wà tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí 72 wákàtí tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó.

Ẹ sọ ibi tí ẹnu dé

Ìtìjú ń ba àyẹ̀wò jẹ́. Ẹnìkan á lọ sí ọsibítù, á ní "ara mi ò yá," wọ́n á gba ìtọ̀ rẹ̀, ìtọ̀ á mọ́, á sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kò lè rí àtọ̀sí tó wà lọ́fun! Òwú ni wọ́n ń fi nu ọ̀fun fúnra rẹ̀ fún àyẹ̀wò náà. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, mo fi ẹnu ṣe ìbálòpọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ kí ẹ yẹ ọ̀fun mi wò." Ó tán. Wọn ti gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá lè ṣe àyẹ̀wò ọ̀fun níbẹ̀, dókítà ṣì lè fi ohun tí ẹ sọ ṣe ìpinnu.

Àtọ̀sí ọ̀fun ṣòroó lé lọ ju ti ojú ara lọ. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni a sábà máa ń fi wò ó, a sì ní láti padà fún àyẹ̀wò ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Olólùfẹ́ yín gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú, kí ẹ sì fi ìbálòpọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ 7.

Ampiclox àti Tetracycline tí a ń rà ní kẹ́míìsì, mo bẹ̀ yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọn kò lè pa kòkòrò ọ̀fìnkìn, àtọ̀sí sì ti borí ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń mu bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní bèlúbèlú ló wú, á pe wánzàm, onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Hausa, kó wá gé e. Ẹ má gbà! Ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀, abẹ rẹ̀ sì lè gbin àrùn sí ọ̀nà ọ̀fun.

Fún ìrọ̀rùn nílé, ẹ po ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀ mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi fọ ọ̀fun, kí ẹ tu ú dànù.

Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la

Bí ọrùn bá wú, tí nǹkan bí awọ eérú bo ọ̀fun, pàápàá lára ọmọdé, dìfítéríà, àrùn tó lè dí ọ̀nà èémí, lè ni. Kano wà lára ibi tó ti ṣọṣẹ́ jù ní ọdún 2023, Abuja pẹ̀lú fara gbá níbẹ̀. Bí ọ̀fun bá ń dùn, tí ibà kò sì gbọ́ oògùn ibà, ẹ rántí ibà Lassa, ẹ pe 6232 tí NCDC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ń dáhùn. Ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì tàbí tí èémí ń há fún, ọsibítù ni kó lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ iwájú, kọ́ńdọ̀mù ń dín ewu kù, tí ẹ bá fẹ́ fi ẹnu ṣe é pàápàá. Bí egbò bá wà lẹ́nu tàbí lójú ara ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi san. Kòkòrò HPV náà ń gba ẹnu wọlé, ó sì lè di jẹjẹrẹ ọ̀fun lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Abuja sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ fún ọmọ yín ní ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín.