Bí mo ṣe wo fíìmù Halloween 13 tán kí n tó tún sikíríìpù wa kọ

Ọdún tó kọjá lèmi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fi fóònù ya fíìmù kékeré kan lójú ọ̀nà oko ní Ìkọ̀lé, ìṣẹ́jú 12 péré. Ọkùnrin kan tó fi àpò gààrí bojú ló máa ń dúró sábẹ́ igi, kì í sọ̀rọ̀, kì í sáré, ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta ò ní délé mọ́. Níparí ẹ̀, ẹnì kan fi àdá ya àpò yẹn, ọkùnrin náà wọgbó lọ. Ẹ̀rù ba àwọn tó wò ó, wọ́n ní ká ṣe páàtì 2, ni mo bá jókòó sílé wa ní Adó mo kọ ojú ewé 40, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ pátá, orúkọ ọkùnrin náà, ìyá ẹ̀, àwọn tó gbalẹ̀ lọ́wọ́ wọn, èpè tí ìyá ẹ̀ ṣẹ́ kó tó kú. Mo kà á fún àbúrò mi obìnrin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dáa o, àmọ́ àánú ọkùnrin yẹn ló ń ṣe mí báyìí, ẹ̀rù ẹ̀ ò bà mí mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ n sùn.

Mo wá pinnu pé màá lọ wo bí àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ ṣe ń fi kún ìtàn ẹni burúkú wọn, mo sì mú Halloween, àwọn fíìmù Amẹ́ríkà nípa apànìyàn tó ń jẹ́ Michael Myers, torí òun ló lọ́jú pọ̀ jù. Mo kọ ọdún wọn sínú ìwé, 1978 dé 2022, 13 ni gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde ni mo ṣe wò wọ́n, torí mo fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó lọ sí sinimá nígbà yẹn mọ̀ àti ohun tí ò tíì mọ̀. Mò ń kọ ẹni tó ń lé àti bó ṣe "kú" sílẹ̀, àmọ́ ohun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀, bírò pupa ni mo fi ń kọ ọ́. Iná ò dúró rárá lásìkò yẹn, ṣọ́ọ̀bù bábà kan lápá Fájùyì ni mo ti ń ṣáájì láptọ́ọ̀pù.

Ti 1978 tí John Carpenter ṣe, bírò pupa ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ọmọ ọdún 6 pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lọ́dún 1963, wọ́n tì í mọ́ ọsibítù fún ọdún 15, ó sá jáde ó padà wálé. Ó tán! Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Ìbòjú ẹ̀ gan-an, ojú Captain Kirk inú Star Trek ni wọ́n rà lọ́jà tí wọ́n kùn ní funfun, nígbà tí wọ́n sì máa kọ orúkọ àwọn òṣèré, "The Shape" ni wọ́n pè é, bí ẹni ń pe òjìji. Mo padà wo ibi tí Laurie, ọmọbìnrin tó ń lé, ti fa ìbòjú yẹn bọ́ níparí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, torí mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀rù tán, àmọ́ ojú ọ̀dọ́mọkùnrin lásán ni, kò sọ nǹkankan fún wa, kíá ló sì ti dè é padà.

1981 ló ti yí. Wọ́n ní Laurie ni àbúrò ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló gbé gbogbo èyí tó kù rù, torí látìgbà yẹn ẹbí ló ń pa, 1988 àti 1989 ó ń lé ọmọ Laurie, nígbà tó di 1995 wọ́n ní ẹgbẹ́ awo kan ló fi ègún tí wọ́n ń pè ní Thorn sí i lára. Ojú ewé méjì gbáko ni bírò pupa gbà níbẹ̀, mi ò sì bẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan! (Ti 1982 ò ní Michael nínú rárá, ìtàn ọ̀tọ̀ ni.) 1998 wọ́n pa mẹ́ta yẹn tì bíi pé kò ṣẹlẹ̀, Laurie bẹ́ ẹ lórí, 2002 wọ́n ní ẹlòmíì ló bẹ́ lórí. 2007 Rob Zombie tún un bẹ̀rẹ̀ látilé, ó fi bí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ṣe burú hàn wá, àánú ẹ̀ ṣe mí níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí àbúrò mi ṣe sọ.

Ti 2018 ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn àkọ́kọ́. Wọ́n da gbogbo ẹ̀ nù àfi ti 1978, wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ Laurie sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn, àwọn èèyàn ló hùmọ̀ ẹ̀.

Nígbà tí mo parí, mo ya gbogbo ẹ̀ sórí káádíbọ́ọ̀dù, ọ̀nà ìtàn 5 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde látinú fíìmù 13.

Bí mo ṣe ń wò ó lára ògiri ni mo rántí egúngún nílé màmá àgbà wa. Ẹ̀kú ló máa ń lé wa wọlé, a ò mọ ta ni, ará ọ̀run ni wọ́n sọ fún wa, a sì gbà. Lọ́dún kan ọmọkùnrin kan ní òun dá bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ̀, ó dárúkọ ẹni náà, látọjọ́ yẹn a kì í sá fún èyí yẹn mọ́, àwa la tún ń tẹ̀lé e.

Mo yọ ojú ewé 26 kúrò nínú 40. Ìyá lọ, ilẹ̀ lọ, èpè lọ, ó dùn mí nítorí mo fẹ́ràn ìyá yẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi kún un. Ibi tí àdá ti ya àpò gààrí yẹn ní páàtì 1, ní páàtì 2 wọ́n ti rán an, òwú funfun, ọwọ́ ẹni tó mọ ìránṣọ dáadáa.

Àbúrò mi kà á débẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ta ló ń bá a rán an?"

Mo ní kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa yà á.