Ẹ má fojú di ìbò kańsẹ́lọ̀: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ìjọba ìbílẹ̀

Ní ìlú kan tí mo gbé fún ọdún mẹ́ta, gọ́tà ọjà dí pa. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba abẹ́ pẹpẹ àwọn ẹlẹ́ran, á kó ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí wọ ìsọ̀ aláta. Àwa tí a ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kọ̀wé sí aṣòfin tó ń ṣojú wa ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Nígbà tí èsì ò dé, àwọn àgbà wa lọ bá a nílé. Ó gbà wọ́n tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fún wọn lówó ọkọ̀, ó ní òun ti gbọ́. Òjò ọdún yẹn rọ̀ tán, gọ́tà wà bó ṣe wà. Ìgbà tí ẹnì kan wá béèrè pé ta tiẹ̀ ni kańsẹ́lọ̀ wa, gbogbo wa dákẹ́. Ìyálọ́jà ló rántí nígbẹ̀yìn: ojúlé kẹta sí ilé rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń gbé.

Ó dùn mí gan-an, torí kì í ṣe pé a dágunlá. A sáré, a náwó ọkọ̀, ilẹ̀kùn ẹlòmíràn la lọ kàn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sí bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ káńsù, àwọn àṣìṣe kan náà ni mo sì ń gbọ́ léraléra. Ìṣẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, torí ìlú tó mọ níwọ̀n ni, èèyàn lè fi ìka ka ohun tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má gbé ẹjọ́ gọ́tà lọ bá aṣòfin

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní Àtẹ Kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀. Ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, kíkó ìdọ̀tí, gọ́tà àti ọ̀nà àdúgbò, iná ojú pópó, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, fífún àdúgbò lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Kódà ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere, ọmọlanke, bárò àti ọkọ̀ ojú omi kékeré, káńsù ló ni ín. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka àtẹ yẹn á rí i pé ohun tí ojú wa ń rí láti àárọ̀ dalẹ́ ló kún inú rẹ̀.

Iṣẹ́ ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ni kí ó ṣòfin fún ìpínlẹ̀, kí ó sì máa wo ọwọ́ gómìnà. Ti aṣojú-ṣòfin àti sẹnetọ̀ ní Àbújá tún jìnnà ju ìyẹn lọ. Ẹkùn aṣojú-ṣòfin tí Ìṣẹ́yìn wà, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló kó pọ̀: Ìṣẹ́yìn, Ìtẹ̀síwájú, Kájọlà àti Ìwàjọwà. Ẹni kan ṣoṣo ló ń ṣojú gbogbo wọn. Bí ó bá wá bá yín kó ìdọ̀tí ọjà, ojú àánú ló fi ṣe é. Òfin ò ní kí ó ṣe é.

Àṣìṣe kejì tí ó jọ èyí ni pé kí a máa bú alága káńsù nítorí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ṣe é. Ọlọ́pàá wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti lọ́jú pọ̀ díẹ̀: òfin ní kí káńsù kópa nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ kárí-ayé ló ń gba olùkọ́ tó sì ń yí wọn kiri. Bí olùkọ́ ò bá tó nílé ìwé àdúgbò yín, àjọ náà ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí káńsù.

Ẹ má ṣe rò pé alága nìkan ni káńsù

Orí èyí ni màá ti pẹ́ jù, torí òun ló ń dùn mí jù.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn ní wọ́ọ̀dù mọ́kànlá. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ pátá ló ń dìbò yan alága kan, igbákejì rẹ̀ á sì bá a wọlé lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń yan kańsẹ́lọ̀ tirẹ̀. Àwọn mọ́kànlá yìí ni ilé aṣòfin ìbílẹ̀. Wọ́n ń yan olórí láàárín ara wọn. Àwọn ló ń ṣe òfin káńsù, ètò ìṣúná tí alága bá gbé kalẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè pe alága kí ó wá ṣàlàyé bó ṣe náwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Nínú èèyàn mọ́kànlá, mẹ́fà ti ju ìdajì lọ. Èèyàn mẹ́fà tó ń gbé láàárín yín, tí ọmọ wọn ń lọ ilé ìwé pẹ̀lú ọmọ yín, ló lè sọ pé ìṣúná ọdún yìí kò ní kọjá àfi bí owó gọ́tà ọjà bá wà níbẹ̀. Mi ò mọ ibòmíràn nínú ìṣèlú ilẹ̀ wa tí agbára ti súnmọ́ aráàlú tó báyìí. Síbẹ̀, bí ọjọ́ ìbò bá dé, ẹ ó rí ẹni tó tẹ̀ka sí ìwé ìbò alága dáadáa, tó wá tẹ ti kańsẹ́lọ̀ láì wo orúkọ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ká a sápò lọ sílé.

Nígbà tí a wá lọ bá kańsẹ́lọ̀ wa ní ìlú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé láti ọjọ́ tí òun ti wọlé, kò sí ẹni tó tíì wá bá òun nítorí iṣẹ́ àdúgbò. Owó ìsìnkú, owó ìkómọ, owó ilé ìwé ni gbogbo ẹni tó wá ń bá wá. Bí a bá sọ kańsẹ́lọ̀ di ẹni tí ń pín owó ìkómọ, ọ̀dọ̀ alága ni yóò ti máa wá owó náà kiri, ẹni tó sì ń gba owó lọ́wọ́ alága kò lè dìde bi alága léèrè nínú ìjókòó. Àwa aráàlú la fọwọ́ ara wa ṣe ìyẹn. Torí náà, ẹ má ṣe lọ bá a pẹ̀lú ìwé ìpè òde nìkan. Ẹ mú ìwé kan lọ tó sọ ibi tí gọ́tà ti dí, ìgbà tó ti dí, àti iye ìsọ̀ tó kàn.

Ẹ má sì da kańsẹ́lọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tí à ń pè ní súpáfáísọ̀. Kò sí ẹni tó dìbò fún súpáfáísọ̀. Alága ló ń yàn wọ́n láti bójú tó ẹ̀ka iṣẹ́ bíi ìlera, ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Alága ni ọ̀gá wọn.

Ẹnì kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò, ìyẹn ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ káńsù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe olóṣèlú. Alága á wá, alága á lọ, òun àti akápò káńsù ló mọ ibi tí fáìlì wà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹ bá kọ, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ìwé tí kò lóǹtẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹ má máa retí INEC

INEC, àjọ elétò ìdìbò ìjọba àpapọ̀, kì í ṣètò ìbò káńsù, àfi ti àwọn agbègbè mẹ́fà tó wà ní Àbújá. Àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀: OYSIEC ní Ọ̀yọ́, LASIEC ní Èkó, OGSIEC ní Ògùn. Gómìnà ló ń yan alága àti ọmọ àjọ yìí, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí a fi bò. Ní Ọ̀yọ́, ìbò ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2024, ẹgbẹ́ PDP tí gómìnà wà nínú rẹ̀ nígbà náà ni wọ́n kéde pé ó mú ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ní Èkó, ní oṣù Keje 2025, ẹgbẹ́ APC tó ń ṣèjọba níbẹ̀ náà ló kó gbogbo ipò alága.

Ọ̀pọ̀ ló rí èyí tí wọ́n sì pinnu pé àwọn ò ní jáde mọ́. Ó yé mi, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni, torí ó gbé ohun gbogbo lé ọwọ́ àwọn mélòó kan tó ń yan olùdíje nínú yàrá. Níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń kó gbogbo rẹ̀ lọ, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà ni ìbò gidi. Òfin ò gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́, nítorí náà orúkọ tí ẹ máa bá lórí ìwé ìbò, wọ́ọ̀dù ni ẹgbẹ́ ti mú un jáde. Ìpàdé wọ́ọ̀dù kì í le koko bí èèyàn ṣe rò. Bí ogún obìnrin ọjà bá ní káádì ẹgbẹ́ tí wọ́n sì jókòó síbẹ̀, ìpàdé ọ̀hún á yàtọ̀.

Ẹ má gba alága afìdíhẹ bí ẹni tí ẹ dìbò yàn

Abala 7 ìwé òfin sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn ni a fọwọ́ sọ̀yà. Kò sí alága afìdíhẹ tí gómìnà kàn yàn níbẹ̀ rárá. Ní Ọ̀yọ́, àwọn alága àti kańsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù Karùn-ún 2018 fún ọdún mẹ́ta, wọ́n tú wọn ká ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2019, ọjọ́ tí gómìnà tuntun gba ọ̀pá àṣẹ. Wọ́n pẹjọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá wọn láre pé gómìnà kò ní agbára yẹn, ó sì ní kí wọ́n san owó oṣù wọn. Owó ìjọba náà ni wọ́n ní kí wọ́n fi san án, fún iṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ṣe. Èmi ò lè ronú kan ọ̀rọ̀ yìí kí inú mi má bàjẹ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà tún sọ̀rọ̀, lórí ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ 36. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́: kí owó káńsù tààrà máa lọ sọ́wọ́ káńsù, kí ó má gba ọ̀dọ̀ gómìnà mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì san owó fún káńsù tí aráàlú kò dìbò yàn. Àṣìṣe tó wá gbòde lẹ́yìn rẹ̀ ni pé alága ti di ọ̀gá ara rẹ̀ pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe ló ṣì ń sọ bí káńsù ṣe máa rí àti iye ọdún tí ẹni tó wọlé máa lò. Ìdí nìyẹn tí ọdún mẹ́ta fi jẹ́ ti Ọ̀yọ́, tí mẹ́rin sì jẹ́ ti Èkó.

Ọ̀rọ̀ LCDA, ìyẹn àwọn agbègbè ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ gé jáde lára ìjọba ìbílẹ̀, kò gba àlàyé púpọ̀. Èkó dá 37 sílẹ̀ ní 2003. Ní 2004, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní dídá tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Wọn ò tíì kọ ọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ìwé òfin mọ̀, àwọn sì ni Àbújá ń ka owó fún.

Ẹ má gbé iṣẹ́ káńsù sí ààfin

Àṣìṣe yìí ní ìtàn, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Láyé òyìnbó, ọba gan-an ni ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti agbègbè Ìwọ̀ Oòrùn ní 1952 ló gbé káńsù tí aráàlú dìbò yàn dìde, síbẹ̀ ọba ṣì ń jẹ́ ààrẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àtúnṣe 1976 ló sọ káńsù gbogbo Nàìjíríà di irú kan náà, tí àṣẹ sì bọ́ sọ́wọ́ alága. Ọba ń gbani nímọ̀ràn, ó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wúwo létí alága. Ẹ lọ kí Kábíyèsí, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín dá sí i. Ṣùgbọ́n ìwé tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, káńsù ni kí ó wà.

Ní ti owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti ibùdókọ̀: ẹ má san án fún ẹni tí kò já ìwé tó ní orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, nọ́ńbà àti ọjọ́. Bí ó bá ní ìwé ti tán, kí ó padà wá.

Ẹ má ṣe rò pé orúkọ àdúgbò ni orúkọ wọ́ọ̀dù

Ní Ìṣẹ́yìn, Kóso pín sí wọ́ọ̀dù méjì, Ìsàlù náà pín sí méjì. Ẹni tó bá sọ pé “Ìsàlù ni mí” kò tíì sọ kańsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú rẹ̀. Adó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyàkẹ́ wà lórí òkè, ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Òṣoògùn, níbi tí wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, wà pọ̀ mọ́ Akínwùmí nínú wọ́ọ̀dù kan. Ẹ wo káádì ìdìbò yín, kí ẹ wo ibùdó ìdìbò tó wà lórí rẹ̀, wọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni tiyín.

Bí ẹ bá ti kó kúrò ní àdúgbò yẹn, káádì ò bá yín kó. Ìwé orúkọ olùdìbò tí INEC ṣe náà ni àjọ ìpínlẹ̀ ń lò fún ìbò káńsù, torí náà ọ́fíìsì INEC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń gbé báyìí ni ẹ ó ti béèrè fún ìyípadà, ní àkókò tí wọ́n bá ṣí ìforúkọsílẹ̀. Ẹ tètè lọ, torí wọ́n máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ náà bí ìbò bá ti kù dẹ̀dẹ̀.