Ẹ Wọn Òjò Àgbàlá Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Àkúrẹ́

Bí òjò bá pẹ́ kó tó dé lọ́dún kan, a ó ní ayé ti yí padà. Bó bá tètè dé lọ́dún kejì, a ti gbàgbé. Ọdún kan kò tó fi mọ ìrìn òjò. Òjò ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń kó jọ kí wọ́n tó sọ iye tó yẹ ìlú kan. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ni ti 1991 sí 2020.

Bí òjò ṣe rọ̀ ṣe pàtàkì fún wa ju iye rẹ̀ lọ. 100 mìlímítà tó bá rọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù kan á dé gbòǹgbò àgbàdo. Bó bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ méjì, Odò Àlà ni yóò gbé e lọ, tòun ti erùpẹ̀ oko. Bí afẹ́fẹ́ bá fi 1°C gbóná sí i, ó lè gba oru omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí òwàrà fi ń le. Láti 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òǹdó, páánù, kọnkéré àti ọ̀dà títì ti bo ilẹ̀ tó ń mu omi tẹ́lẹ̀. Omíyalé lè pọ̀ sí i láìjẹ́ pé òjò pọ̀ sí i. A kì í sọ èyí tó láàárín ara wa.

Ẹ wá agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé e sí gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé, kí ẹ fi òkúta tì í. Láràárọ̀, ní agogo kan náà, ẹ ti rúlà bọ̀ ọ́, ẹ kọ mìlímítà rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì da omi náà nù. Lọ́jọ́ tí òjò ò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Àlàfo ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ọ̀dá ni àbí ìgbàgbé.

Ẹ má sáré gbin àgbàdo sí òjò àkọ́rọ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bó bá tutù jinlẹ̀, tí òjò mìíràn sì tẹ̀ lé e, ẹ gbìn. Àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ń gbé jáde lọ́dọọdún náà á sọ ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀. Nínú oko kòkó, bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ ká èso tó ti ń dúdú kúrò kíákíá.

Onílé, mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 10 sí 8 á fún yín ní lítà 1,600 bí 20 mìlímítà bá rọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ páánù kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sí i.

Bí ẹ bá ń kó kúrò nílé náà, ẹ fi ìwé òjò sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀.