Bí A Bá Ń Sunkún, A Máa Ń Ríran: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Olùdíje Méjèèjì Kò Wù Wá

Nígbà tí wọ́n ka ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìwé ìdìbò bíi 75,000 ní ìpínlẹ̀ Michigan ni kò ní ìbò tó ṣeé kà fún ipò ààrẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ìwé yìí tò lórí ìlà bíi ti gbogbo èèyàn. Wọ́n yan aṣòfin, wọ́n yan àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n kan orúkọ Donald Trump àti Hillary Clinton, wọ́n fò ó kọjá. Ìbò 10,704 ni Trump fi borí ní ìpínlẹ̀ náà.

Mi ò lè sọ ẹni tí wọn ì bá yàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú wọn á ti gbà pé àwọn ti yọ ọwọ́ àwọn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ni wọ́n fi ìpinnu lé lọ́wọ́.

Lọ́dún kan náà, ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ń jáde ní ibùdó ìdìbò fi hàn pé nínú 100 olùdìbò, bíi 18 ló ní àwọn ò fẹ́ràn èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n máa dìbò, bíi 47 nínú 100 wọn dì í fún Trump, 30 dì í fún Clinton. Àwọn tó fẹ́ràn olùdíje wọn ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ tipẹ́tipẹ́. Àwọn tí inú ń bí sí méjèèjì ni òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ìwọ gan-an ni méjèèjì sú, ìbò rẹ wúwo ju bí o ṣe rò lọ, ó sì yẹ kí o fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń sunkún ṣì máa ń ríran. Àwọn nǹkan kan ló máa ń dí wa lójú.

Má ṣe wá ẹni tí o máa fẹ́ràn

"Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi yan irú èèyàn bẹ́ẹ̀." Mo máa ń gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu àwọn ọmọlúàbí, ó sì máa ń yé mi. Wọ́n ń rò pé ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ka sí orúkọ ẹnì kan, wọ́n ti jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ìbò kò jẹ́rìí sí ìwà ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ ni pé: nínú àwọn méjì tó kù yìí, ta ni kí a gbé agbára ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún fún?

Àwọn ará Faransé kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 2002. Àwọn olùdíje 16 ló jáde ní abala àkọ́kọ́ ìbò ààrẹ, ìbò sì fọ́n ká. Níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò bá gba ju ìdajì lọ, àwọn méjì tó ṣáájú nìkan ló máa ń lọ sí abala kejì. Nígbà tí wọ́n kà á tán lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, Lionel Jospin tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà ti já bọ́, ìbò tí kò tó 200,000 ló sì jù ú sílẹ̀. Àwọn tó kù ni ààrẹ Jacques Chirac, tí ẹ̀sùn owó ń tẹ̀ lé kiri, àti Jean-Marie Le Pen, tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ wà ní ìkángun apá ọ̀tún, tó ń tako àwọn àjèjì tó ń ṣí wọ ìlú. Àwọn tó ti ń bá Chirac jà láti ọjọ́ pípẹ́ wá wà níwájú orúkọ méjì tí wọn ò fẹ́ rí. Àwọn kan ń gbèrò láti wọ ìbọ̀wọ́ lọ dìbò, kí ìwé náà má bàa kan ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n lọ, Chirac sì gba ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó lè wo iye yẹn kó sọ pé ìfẹ́ Chirac ló kó wọn jáde. Ikú tí ì bá pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká máa dúpẹ́ ni. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú ìfajúro.

Má sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n

Àṣìṣe yìí ló gbòòrò jù, òun ló sì máa ń fara jọ ọgbọ́n jù. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, àwọn àgbà ní a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá ní "kò sí ìyàtọ̀" ti dúró ní ibi ìdakùndélẹ̀ yẹn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń mú bébà kan, mo máa fa ìlà sí àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo máa kọ orúkọ méjèèjì sí òkè. Gbogbo ohun tó bí mi nínú nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo máa kọ́kọ́ dà síbẹ̀ láìṣà. Ó lè kún ojú ìwé kan. Ọ̀kan ń bú èèyàn. Èkejì purọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọ̀kan ti dàgbà jù. Èkejì kì í dáhùn ìbéèrè àwọn oníròyìn. Ọ̀kan ní bí òun bá fìdí rẹmi, òun ò ní gbà. Nígbà tí inú mi bá ti rọ̀ díẹ̀ ni mo máa padà sórí rẹ̀, tí màá bi àbùkù kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ipò ààrẹ máa fún àbùkù yìí lágbára sí i? Ta ló wà níbẹ̀ tó lè dá a dúró? Bó bá ṣẹlẹ̀ tán, ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ojú bébà ṣe máa ń yí padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu burúkú tí mo ti fi ṣe kókó máa ń lọ sí ìsàlẹ̀, torí pé ẹlẹ́nu burúkú tí kò ní ipò àti ẹlẹ́nu burúkú tó jẹ́ ààrẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra lójú mi. Àmọ́ ẹni tó ní òun ò ní gba èsì ìbò, tàbí tó ní òun ò ní tẹ̀ lé àṣẹ ilé ẹjọ́, máa ń gòkè lọ sí orí ìlà àkọ́kọ́, torí ipò ààrẹ gan-an ni irinṣẹ́ tí àbùkù yẹn nílò.

Ìbéèrè kẹta ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Owó orí tí ààrẹ kan fi kún, aṣòfin tó bá dé lọ́la lè yọ ọ́. Adájọ́ tí wọ́n yàn títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ńkọ́? Láti oṣù kejì ọdún 2016 ni àyè adájọ́ kan ti ṣófo ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí Antonin Scalia kú. Ní ọdún mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, Trump yan adájọ́ mẹ́ta síbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2022, ilé ẹjọ́ yẹn fagi lé ìdájọ́ tó fàyè gba oyún ṣíṣẹ́, èyí tó ti wà láti ọdún 1973. Yálà ìdájọ́ náà dùn mọ́ ọ nínú tàbí ó bà ọ́ nínú jẹ́, ó wà nínú ohun tí wọ́n ń dìbò lé lórí ní 2016. Ẹni tó ní ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì kò wo ibẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nǹkan mìíràn wà nínú bébà yìí tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún. Àbùkù ẹni tí a ti mọ̀ fún ogún ọdún máa ń pọ̀ ní ojú ìwé, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń kéré. Àìmọ̀ kì í ṣe mímọ́. Bí apá kan bá ṣófo, kọ "mi ò tíì mọ̀" síbẹ̀, má fi òfìfo ṣe máàkì fún un.

Orúkọ ẹyọ kan kọ́ ni o ń yàn

Wo Peru, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2021, olùdíje 18 ló jáde. Pedro Castillo, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí kò di ipò ìjọba mú rí, ṣe ipò kìíní pẹ̀lú ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, Keiko Fujimori sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdá 13. Èyí ni pé, nínú ìbò mẹ́ta, méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìdìbò sì pọn dandan níbẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn ará ìlú jà lórí orúkọ méjì yìí, ìdílé pín sí méjì, Castillo wá fi ìbò bíi 44,000 borí ní abala kejì.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ó kéde pé òun tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn aṣòfin yọ ọ́, tí igbákejì rẹ̀, Dina Boluarte, sì búra. Ṣáájú rẹ̀, Pedro Pablo Kuczynski borí Fujimori kan náà ní 2016 pẹ̀lú ìbò tó kéré bẹ́ẹ̀, ó fipò sílẹ̀ ní 2018, igbákejì rẹ̀, Martín Vizcarra, gbà á. Ìdìbò méjì tẹ̀ léra wọn, orúkọ tí àwọn èèyàn tìtorí rẹ̀ dẹ́kun kíkí ara wọn kò lo ọdún méjì lórí àga.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni igbákejì ti di ààrẹ nítorí pé ààrẹ kú tàbí ó fipò sílẹ̀. Kọ orúkọ igbákejì sórí bébà. Kọ àwọn tó ṣeé ṣe kí ó di mínísítà síbẹ̀ pẹ̀lú. Tí méjèèjì tó wà lókè bá jọra nínú burúkú, ìsàlẹ̀ yìí ni ìyàtọ̀ sábà máa ń fara hàn.

Má fi ìbò ṣe ìbínú láìmọ òfin rẹ̀

Mi ò sí lára àwọn tó máa ń pariwo lé ẹni tó dìbò fún ẹgbẹ́ kékeré tàbí tó fi ìwé sílẹ̀ lófìfo. Ó lè ní ìdí. Àmọ́ kí ó mọ ohun tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ máa ṣe sí ìwé yẹn kó tó jù ú sínú àpótí.

Ní Kòlóḿbíà, bí ìbò òfìfo bá ju ìdajì lọ ní abala àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un dì, àwọn olùdíje tó ti jáde ò sì ní lè padà wá. Níbẹ̀, òfìfo ní eyín. Ní abala kejì, eyín yẹn ti ká. Ní Faransé, ó ju 4,000,000 èèyàn tó fi ìwé òfìfo tàbí èyí tó bàjẹ́ sínú àpótí ní abala kejì ọdún 2017. Wọ́n kà á, wọ́n kéde rẹ̀, kò yí nǹkan kan padà nínú ìdá tí Emmanuel Macron, tó borí, gbà.

Ti Ukraine ló yé mi jù. Ní abala kejì ọdún 2010, àwọn olùdìbò lè yan Viktor Yanukovych, wọ́n lè yan Yulia Tymoshenko, wọ́n sì lè tẹ̀ka sí "mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni." Àwọn tó yan ìkẹta yìí ju 1,100,000 lọ. Iye tí Yanukovych fi borí kò tó 900,000. Òun náà ló di ààrẹ, pẹ̀lú agbára kíkún, bí ẹni pé àwọn tó ní "mi ò fẹ́" kò jáde nílé.

Ibi tí o ń gbé náà ṣe pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ka ìbò ààrẹ, ẹni tó bá sì borí ní ìpínlẹ̀ kan ló sábà máa ń kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan ti máa ń fi ìdajì mílíọ̀nù borí lè fi ìbò rẹ̀ ránṣẹ́ ìkìlọ̀. Ẹni tó wà ní Florida ní ọdún 2000 kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀: Ralph Nader gba ìbò tó ju 97,000 níbẹ̀, George W. Bush sì fi 537 péré borí Al Gore.

Bí ó bá jẹ́ abala méjì ni wọ́n ń dì nílùú rẹ, abala àkọ́kọ́ ni kó o lo ọkàn rẹ. Abala kejì kì í sábà fi àyè sílẹ̀ fún un.

Má ṣe dìbò nítorí ìbínú sí àwọn alátìlẹ́yìn

Mo ti ṣe èyí rí, inú mi ò sì dùn sí i. Alátìlẹ́yìn olùdíje kan bú mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé mo ti pinnu láti dìbò lòdì sí olùdíje náà, láìka ohunkóhun tí olùdíje náà ní lọ́kàn fún ìlú sí. Nígbà tí mo padà sídìí bébà mi, orúkọ ẹni tó bú mi kò sí níbẹ̀. Kò sí lórí ìwé ìdìbò náà pẹ̀lú.

Bákan náà ni ìròyìn ọjọ́ ìkẹyìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2016, ọ̀gá àgbà FBI, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn tún ń yẹ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tó kan Clinton wò. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá, ó ní kò sí ohun tó yí padà. Ìdìbò ku ọjọ́ méjì, àwọn kan sì ti dìbò tiwọn láàárín ìkéde méjèèjì. Ìròyìn tó bá dé nígbà tó kù díẹ̀ kí ìbò wáyé, kọ ọ́ sórí bébà bíi ti àwọn yòókù, kí o sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta náà.

Lẹ́yìn ìbò, má sọ ara rẹ di agbẹjọ́rò rẹ̀

Ẹni tó fi ìfajúro dìbò máa ń tijú, ìtìjú yẹn ló sì máa ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wàá gbọ́ tó ń ṣàlàyé àwọn àbùkù tó ti kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ìbò náà ti fọ̀ wọ́n mọ́. O ò jẹ ẹ́ ní irú gbèsè bẹ́ẹ̀. O gbé agbára fún un nítorí pé ti èkejì burú jù, ìwọ̀nba àdéhùn tó wà láàárín yín nìyẹn.

Èmi kì í sọ bébà náà nù. Mo máa ń gé apá ẹni tó fìdí rẹmi kúrò lójú ìlà, màá ká apá ẹni tó wọlé sí mẹ́rin, màá sì fi í sínú àpò ìwé tí mo ń kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin láti inú rẹ̀. Nígbà tí ààrẹ náà bá ṣe ohun àkọ́kọ́ tí mo ti bẹ̀rù, ó ti wà níbẹ̀ lọ́wọ́ ara mi, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́.