Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe sáìn ojú títì apanilẹ́rìn-ín tó ní ohun èlò orin nínú

Ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín lára irú sáìn yìí ni pé òun fúnra ẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ gbọ́dọ̀ le koko bíi ti sáìn gidi, nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa yí padà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá lọ ya ojú àti ẹnu sí gìtá lára, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wo sáìn gidi dáadáa. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń tẹ̀ lé àdéhùn lórí sáìn ojú títì tí wọ́n ṣe nílùú Vienna lọ́dún 1968: onígun mẹ́ta elétí pupa, ìkìlọ̀ ni, róbótó elétí pupa, ẹ má ṣe é nìyẹn, róbótó búlúù, dandan ni. Amẹ́ríkà ní tiwọn, yẹ́lò onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró ni wọ́n fi ń kìlọ̀. Èyí táwọn tó máa wò ó mọ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

Ibi tó wá dùn ni kẹ́ ẹ wá ohun èlò tó ti fẹ́ jọ sáìn tẹ́lẹ̀. Sáìn tó ń sọ pé títì máa fún níwájú ńkọ́? Ìbàdí gángan mà ni! Ẹ ya gángan dúdú kan sínú onígun mẹ́ta, ó parí. Èyí tó ní kí mọ́tò méjì jìnnà síra wọn, ẹ yọ mọ́tò ẹ̀yìn, ẹ fi tròmbónì (fèrè onírin tó ní ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn) síbẹ̀, kẹ́ ẹ na ọ̀pá ẹ̀ títí tó fi fẹ́ gún ti iwájú nídìí (èmi fẹ́ràn èyí jù). Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ zebra crossing di kíì piano, àwọn dúdú ẹ̀ kì í tò lọ geere o, méjì á wà pa pọ̀, mẹ́ta á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ẹni tó bá ń tẹ dùùrù á rí i kíá tẹ́ ẹ bá ṣì í.

Inkscape tàbí Canva, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán, tó láti fi yà á. Dúdú lásán ni kẹ́ ẹ fi ya ohun èlò náà, ẹ fi okùn gìtá sílẹ̀ jàre, wọ́n á kàn dà pọ̀ mọ́ra lókèèrè ni. Fáyòlìn ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gìtá làwọn èèyàn máa pè é. Ẹ sún un kéré lórí fóònù, kẹ́ ẹ fi han ẹnì kan, tó bá bi yín pé kí lèyí, ẹ tún un yà. Ọ̀rọ̀ ò gbọ́dọ̀ pọ̀, "DÙÙRÙ Ń JÁ BỌ́" ti tó.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Tó bá jẹ́ plywood, ẹ kun etí ẹ̀ ní ọ̀dà dáadáa, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Ẹ fín omi ọṣẹ díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kó lè ṣe é sún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi káàdì ti afẹ́fẹ́ jáde láti àárín lọ sí etí.

Ẹnu ọ̀nà yàrá tẹ́ ẹ ti ń dánra wò tàbí inú ọgbà yín ni kẹ́ ẹ gbé e kọ́, ẹ má gbé e lọ sójú títì ìjọba o, ó lòdì sófin níbi tó pọ̀, ẹlòmíì sì lè tẹ bíréèkì lójijì nítorí tròmbónì. Tó bá jẹ́ STOP, èmi ò ní ṣe é rárá tó bá jẹ́ ibi tí mọ́tò ti lè rí i ló máa wà.